Ilé Ìwòsàn Kì í Ṣe Ti Dókítà Nìkan

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún ọmọ ẹgbẹ́ àti oníṣòwò

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀kọ́ wa dá lórí bí a ṣe ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sínú ìwé. Lóṣù yìí, a ó yà kúrò lórí ìwé owó díẹ̀, kí a bojú wo ibi kan tí gbogbo wa ń lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wù láti lọ. Ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn.

Ẹ má wí pé, "Kí ló pa ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ pọ̀ mọ́ ọsibítù?" Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ owó àyálò mọ̀ pé owó tí a fi ọjà tọrọ lórí ìwé máa ń di owó oògùn nígbà mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè pa àtẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò pa àtẹ kò lè san àyálò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ọmọbìnrin alááru

Ní ọjọ́ ọjà kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ń ru ẹrù fún wa ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́pà. Àjàṣẹ́ ló ti wá, Ègùn ni. Ó ti tó ọjọ́ méjì tó ti ń fọwọ́ di ikùn mú, a sì ń rí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í léèrè. Èmi àti àwọn méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọjà. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Mẹ́gádì ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ó ní, "Ta ló ni ín nínú yín?" A ń wo ojú ara wa. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́n ní ká dárúkọ rẹ̀, ká sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí a mọ̀ ọ́n sí ni "Alááru." Nọ́ọ̀sì bi í ní Yorùbá, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà ń sunkún ní èdè tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òru àná, ó jágbe mọ́ ọn pé, "Bí o kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yẹra kí ẹlòmíràn rí àyè!" Wọ́n wá ní kí a lọ san owó àsansílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìtìjú tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ síta, a bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọ̀kan ní, "Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni?" Èkejì ní owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ wà fún ẹni tó bá ti pé oṣù mẹ́fà nínú ẹgbẹ́. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni mo tún ń ka òfin náà láti orí, bí ẹni ń ka sáàmù. Ọmọ tó ti ń ru iṣu mi fún ọdún méjì ń jẹ̀rora nínú ilé, èmi wà lóde, mò ń wá ojú ewé òfin.

Obìnrin agbálẹ̀ kan ló kó wa yọ. Ó gbọ́ igbe ọmọ náà láti ọ̀nà jíjìn, ó mọ èdè náà. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń bá a sọ Ègùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ó ní ìdodo ni ìrora yìí ti bẹ̀rẹ̀ níjẹta. Ó ní ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ó ní òun ti ń bì láti àná." Nọ́ọ̀sì tó jágbe lẹ́ẹ̀kan gbọ́ gbólóhùn yẹn, ojú rẹ̀ yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe dókítà. Wọ́n gbé ọmọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ká ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a bẹ́ẹ̀ ni, ìfun tó wú náà ì bá ti bẹ́ sínú ikùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà wà láàyè lónìí.

Ètò ni kò sí

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò bí oníṣòwò ṣe ń ka owó rẹ̀ lálẹ́. Kí ni ilé ìwòsàn yẹn ní? Ó ní dókítà. Ó ní oògùn. Ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó tilẹ̀ ní ẹni tó gbọ́ Ègùn. Kí ni kò ní? Kò ní ọ̀nà tí a fi ń tètè rí ẹni tó gbọ́ èdè aláìsàn. Kò ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kí ará ìta káàbọ̀. Ìbéèrè owó ló sì ṣáájú ìbéèrè ìrora.

Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ìkà. Ìkà kì í sáré pe dókítà báyẹn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kò sì gbọ́ ohun tí ọmọ ń wí. Àánú wà nínú ilé náà, ètò ni kò sí. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí obìnrin agbálẹ̀ yẹn bá ti lọ jẹun ní wákàtí yẹn ńkọ́? Àánú tí kò ní ètò, orí ire ni. Ó lè bá ọ lónìí, kó ṣe aláìbá ọmọ rẹ lọ́la.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. A kò fi owó wa sílẹ̀ fún inú rere akápò nìkan. A ní ìwé, a ní ẹlẹ́rìí, a ní aṣàyẹ̀wò owó, nítorí a fẹ́ kí òtítọ́ máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àní lọ́jọ́ tó bá rẹ akápò pàápàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú rere ní ilé ìwòsàn ṣe nílò ìwé, àyè àti ẹni tí yóò bójú tó o.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, "Èyí dùn ún sọ, ṣé ó ṣeé ṣe?" Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí owó kò pọ̀ tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká wo ibi méjì.

Arò ní Abẹ́òkúta

Gbogbo wa ló mọ bí a ti ń ṣe sí ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú. Ẹlòmíràn a dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹlòmíràn a lé e sí ìgboro. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó, dé láti ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò. Wọ́n ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀dì kò tíì ṣeé lò. Ẹlòmíràn ì bá káwọ́ gbera, kó ní òun ń dúró de bíríkìlà. Lámbò kò dúró. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Aláìsàn kì í dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan, bóyá ìyá, bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ní láti bá a wá, kó máa se oúnjẹ rẹ̀, kó máa fọ aṣọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì á gba yàrá ní ilé ará abúlé, wọ́n á sì máa san owó ilé fún onílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà sí abúlé, á bá wọn lọ sóko, á bá wọn jókòó sábẹ́ igi, á bá wọn ṣe àríyá. Lámbò kò lé àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù. Ó pè wọ́n mọ́ra, ó sì ń gbọ́ tẹnu wọn nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń tọ́jú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Lámbò kò kàn wàásù fún àwọn ará abúlé pé kí wọ́n ṣàánú. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà so èso fún wọn pẹ̀lú. Owó ilé ń wọlé. Ilé ìwòsàn yá onílé lówó kó lè fi yàrá kún ilé rẹ̀. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n sì ń gbógun ti ẹ̀fọn. Ẹni tó ń bẹ̀rù wèrè tẹ́lẹ̀ wá rí i pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ni, tó ń jẹ àmàlà, tó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò sí ògiri gíga, ìlú fúnra rẹ̀ ni ilé ìwòsàn.

Ìròyìn Arò kàn káyé. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ṣe ìpàdé ńlá ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fojú ara wọn rí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Lámbò di olórí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ onílé abúlé tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni òkìkí náà ti bẹ̀rẹ̀.

Káàdì Imẹ̀sí-Ilé

Èkejì ni ti Imẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà. Ní 1956, dókítà Òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìdààmú àwọn ọmọdé ló bá. Èèyi, ikọ́ àwúgbẹ̀, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre ń pa àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ìyá bá fi máa gbé ọmọ dé Iléṣà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Morley rí i pé kì í ṣe ilé ìwòsàn tó tóbi sí i ni wọ́n nílò bí kò ṣe èyí tó sún mọ́ ìyá ọmọ. Wọ́n dá ilé ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní Imẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ náà, àwọn tó gbọ́ èdè ìyá ọmọ dáadáa. Ẹnì kan náà ló ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn, tó tún ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì ń bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò sí pé, "Lọ sí tábìlì yẹn, kò sí ẹni níbí, padà wá lọ́la."

Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ káàdì. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ni káàdì ń gbé. Morley ní kí ìyá máa mú káàdì ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Àwọn kan rò pé yóò sọnù, pé ìyá tí kò mọ̀wé yóò fi wé epo. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá pa á mọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú rẹ̀ lọ. Wọ́n fa ìlà sórí káàdì náà tó ń fi bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i hàn. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá dúró tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu dé. Ìyá tí kò mọ ọ̀ọ́ kọ lè wo ìlà náà, kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. Ikú ọmọdé dínkù gan-an ní ìlú náà. Káàdì yẹn tàn káàkiri ayé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ọmọ lọ wọ̀n rí, ẹ ti di irú rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Kí ni Arò àti Imẹ̀sí-Ilé fi jọra? Ní ibi méjèèjì, ẹni tí wọ́n ń pè ní ará ìta ni wọ́n sọ di onílé. Ní Arò, ìbátan aláìsàn di olùtọ́jú. Ní Imẹ̀sí-Ilé, ìyá ọmọ di olùtọ́jú ìwé. Ẹni tí a fi nǹkan sí níkàáwọ́ kì í hùwà àlejò mọ́.

Kí ni òfin wí?

Ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó má baà máa bẹ̀bẹ̀ níbi tó yẹ kó ti fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó nímọ̀.

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti 2014, sọ ní ẹsẹ̀ 20 pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Èyí kò sọ pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ o. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀mí ló ṣáájú ìwé owó.

Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé níbi tí èèyàn bá tò sí, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó tún sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ẹni tí kò lè gbọ́ràn tàbí sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí wọn yóò fi gbọ́ ara wọn yé.

Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà nínú ètò náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ̀ ọ́, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó o, kí ẹ mọ ohun tí ó ń gbà àti ohun tí ó ń sàn.

Kí a má gbàgbé òṣìṣẹ́

Bí a bá sọ̀rọ̀ àánú, tí a kò mẹ́nu ba nọ́ọ̀sì, a kò tíì sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó lọ sí òkè òkun, àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, ẹni mẹ́ta. Àwa tí a ń gbé aláìsàn lọ, kí ni ìwà wa? Ẹlòmíràn á wọlé tòun ti èébú. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" Ẹlòmíràn á rọ́ lé àwọn tó ti ń dúró láti òwúrọ̀, nítorí pé ó mọ ẹnìkan nínú ilé. Nígbà tí alágbára bá ti rọ́ wọlé, ta ló ń kù sẹ́yìn? Alááru ni, opó ni, arúgbó tí kò rí ẹni bá a wá ni.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà lápó. Nọ́ọ̀sì tí a kí dáadáa lówùúrọ̀ yóò ṣì ní pẹ̀lẹ́ díẹ̀ lẹ́nu tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Àwọn ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí kò gba owó ńlá. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú méjì péré nínú wọn, kó ṣe é dáadáa.

1. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó gbọ́ èdè. Nínú ọjà wa, a ní Ègùn, Haúsá, Íbò, Ìgédé, Tápà àti Ẹ̀bìrà. A tún ní àwọn tó mọ bí a ṣe ń fọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀. Kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó bá gbà láti ṣe ògbufọ̀, kí a fún mátírọ́nì ní ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà kan wà ní ibi káàdì.

2. Ẹ yan olùkíni. Ní ọjọ́ ọjà, tí èrò máa ń pọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì máa lọ jókòó nítòsí géètì ní àròpadà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n kí èèyàn, kí wọ́n júwe ọ̀nà, kí wọ́n ran arúgbó lọ́wọ́, kí wọ́n sì tètè pe nọ́ọ̀sì fún ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le. Wọn kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, wọn kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀.

3. Ẹ ya owó pàjáwìrì sọ́tọ̀. Kí owó yìí yàtọ̀ sí owó ìrànwọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Kí ó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú nínú ọjà, ọmọ ẹgbẹ́ tàbí àlejò. Kí ẹni mẹ́ta ní àṣẹ láti ná an láìdúró de ìpàdé, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fún wa ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

4. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí dókítà sì gbà fún, kí ó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé. Obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi ìbímọ kò ní àyè láti dúró kí a máa wá ìbátan rẹ̀ kiri.

5. Ẹ tún ọ̀nà ṣe. Káfíńtà àti bíríkìlà wà nínú ẹgbẹ́ wa. Bí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn bá ga ju ohun tí arọ lè gùn, kí a bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, kí a bá wọn ṣe ọ̀nà tó dagun tí àga onítáyà lè gbà.

6. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ohun tí olùkíni tàbí ògbufọ̀ bá gbọ́ ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tó ní kòkòrò HIV tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó bá gbọ́ àìsàn rẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́kọ, kò ní padà lọ gba oògùn mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá tú àṣírí, kí a yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

7. Ẹ bá ilé ìwòsàn jókòó. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, kí aṣojú wa bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí a mú ìyìn lọ, kí a mú ẹ̀sùn lọ, kí a sì gbọ́ ẹ̀sùn tiwọn nípa wa.

Ìlànà tiwa fúnra wa

Ẹnìkan lè wí pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ wà fún. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ṣẹ̀. Ní 1844, ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni 28 tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tálákà oníṣẹ́ ọwọ́ kó owó jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tí kò ní àbùkù. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìlànà tiwa ti wá. Èkíní nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé, láìwo ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ipò, tàbí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní 1995, nígbà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé pàdé ní Manchester, wọ́n fi ìlànà keje kún un: kí ẹgbẹ́ máa ṣàníyàn fún àwùjọ tó wà láàárín rẹ̀. Nítorí náà, ọmọbìnrin alááru yẹn kò sí lẹ́yìn ìwé òfin wa. Ó wà nínú rẹ̀ láti ìgbà yẹn, èmi ni n kò kà á dé ibẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ẹni tó ń ru ẹrù wa. Ikọ́ tí a kò tọ́jú lára alááru lónìí, àwa la ó máa wú u lọ́la.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹ̀ka

Kí alága ẹ̀ka ka ìbéèrè wọ̀nyí sókè, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Ta ni ó ṣòro fún jù láti rí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Èdè mélòó ni a ń sọ nínú ẹ̀ka wa? Ta ló lè ṣe ògbufọ̀ ní òru?

3. Bí àlejò bá ṣubú ní ìsọ̀ rẹ lónìí, ta ni ìwọ yóò pè, owó wo ni ìwọ yóò ná?

4. Nínú iṣẹ́ méje tí a kọ sókè, èwo ni ẹ̀ka wa lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí?

5. Ìwà wo ni àwa fúnra wa ń hù ní ilé ìwòsàn tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀?

Kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀, ẹ lè fẹ́ mọ bí ọmọbìnrin náà ṣe wà. Kò ru ẹrù mọ́. Ó ní àtẹ ata kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́pà, ó sì ti gbọ́ Yorùbá tó láti náni lọ́jà dáadáa. Obìnrin agbálẹ̀ yẹn máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ra ata ní ọjọ́ Sátidé. A ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó wà nínú ìwé ẹgbẹ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ara wa le o, kí ọjà wa tà. Ó di oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ wa yóò dá lórí bí a ṣe ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tó fẹ́ yáwó.